Orúkọ Tó Wà Láyà Ẹ̀wù

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tí akọ̀wé iléeṣẹ́ epo gbé ìwé orúkọ wá, ara Télọ̀ ò lélẹ̀ láti ìgbà tó ti jí. Rédíò ti sọ ọ́ pé owó epo rọ̀bì tún já wálẹ̀, ìgbà kẹrin láàárín oṣù méjì. Níbòmíràn, èèyàn á gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, á sì máa fọ eyín ẹ̀ lọ. Nílùú tiwọn, ńṣe ni wọ́n ń dákẹ́ gbọ́ ọ, tí wọ́n á pa iná ìdáná kí ariwo ẹ̀ má bàa dí wọn létí.

Ẹ má dá wọn lẹ́bi o. Epo ló sọ ibẹ̀ di ìlú. Nígbà tí epo lówó lórí, onílé ń gba owó ilé ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọmọ tí kò tíì hu irùngbọ̀n ń ra mọ́tò, òtẹ́ẹ̀lì kún débi pé pálọ̀ ni wọ́n ń tẹ́ àlejò sí. Àní Télọ̀ náà ra maṣíìnì méjì kún ẹyọ kan tó ní, ó gba obìnrin méjì síṣẹ́, ó ń ṣe ọ̀gá. Báyìí ńkọ́? Àdúgbò rẹ̀ nìkan, ilé mẹ́fà ló ń wá ẹni tó máa gbé inú wọn. Àwọn obìnrin méjèèjì ti lọ sílé, ó sì ti fi aṣọ bo maṣíìnì méjì nítorí eruku. Kíláàsì ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ti ní ogójì ọmọ rí ti ku mẹ́rìndínlógún.

Télọ̀ ló ń rán ẹ̀wù iṣẹ́ fún iléeṣẹ́ epo, èyí tí wọ́n rán mọ́ ṣòkòtò, tó ní sípù láti ìbàdí dé ọrùn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń ṣe tuntun, kálukú sì gbọ́dọ̀ ní orúkọ ara ẹ̀ láyà kí wọ́n lè dá a mọ̀ bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, bí ọdún iṣẹ́ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, akọ̀wé á gbé ìwé orúkọ wá. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ bá wà níbẹ̀ níṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tí tiẹ̀ ò bá sí, kó yáa máa wá ibòmíràn lọ. Ẹnikẹ́ni ò jókòó ṣàlàyé ìyẹn fún un. Ojú ẹ̀ ló fi rí i lọ́dún méje sẹ́yìn, nígbà tí epo kọ́kọ́ já. Àádọ́rùn-ún orúkọ ni wọ́n gbé wá lọ́dún náà. Nígbà tí lẹ́tà máa jáde, àádọ́rùn-ún yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù sẹ́nu iṣẹ́.

Ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ wẹ́dà ò sí nínú wọn. Yàrá kan ni wọ́n kó lọ gbé, tọkọtaya, ọmọ, àti ìyá ọkọ, fún oṣù mọ́kàndínlógún gbáko, tó fi jẹ́ pé bí ìyá àgbà bá wúkọ́, gbogbo wọn ló ń jí. Wọ́n ta fìríìjì, wọ́n ta bẹ́ẹ̀dì. Ó ku díẹ̀ kó ta maṣíìnì kí epo tó tún gbówó lórí, kí wọ́n tó pe ọkọ rẹ̀ padà.

Akọ̀wé tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó kí èèyàn ò rẹ́rìn-ín rárá lọ́jọ́ Ajé yìí.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọjọ́ Ẹtì la máa pín lẹ́tà. Bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ ohun tó wà nínú ìwé yìí kó tó dìgbà náà, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, iṣẹ́ á sì kúrò lọ́wọ́ yín."

"Ṣé àná la bẹ̀rẹ̀ ni?" Télọ̀ dá a lóhùn. "Ìgbà wo lẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yín lẹ́nu mi rí?"

"Ẹ má bínú, mà. Wọ́n ní kí n sọ ọ́ ni."

Bí ó ti ń lọ ni Télọ̀ ti ilẹ̀kùn. Bébà kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, ní ìlú tí wọ́n ti gbé ẹgbẹ̀ta orúkọ wá rí. Mọ́kànlélógójì péré. Ó fi ìka tọ orúkọ náà láti òkè wá sísàlẹ̀. Ìgbà tó dé ìkẹtàlélọ́gbọ̀n, ó rí orúkọ ọkọ rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn àjákù aṣọ, ó sì sunkún bí ọmọdé. Inú ẹ̀ dùn, kí la fẹ́ pa irọ́ rẹ̀ sí?

Ẹ̀yìn ìgbà tó nu ojú tán ló wá rántí Agùntáṣọọ́lò. Ìnagijẹ tí Télọ̀ fún un nìyẹn, torí pé ó ga débi pé aṣọ ẹlòmíràn kì í tó o. Òun àti ọkọ Télọ̀ ló jọ ń jó páìpù pọ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án. Ọkọ Télọ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Oníbúrẹ́dì ni ìyàwó Agùn, ṣọ́ọ̀bù obìnrin náà àti ti Télọ̀ ló sì jọ pín ògiri kan, bí ẹnì kan bá sín, ẹnì kejì á kí i. Télọ̀ ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí orúkọ Agùn níbẹ̀.

Ohun tó wá mú ọ̀rọ̀ náà le nìyí. Iléeṣẹ́ omi ìlú ń wá wẹ́dà kan, ẹyọ kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n dán àwọn èèyàn wò, ọkọ Télọ̀ ló ṣe ipò kìíní, Agùn ṣe ìkejì. Wọ́n kọ̀wé sí ọkọ Télọ̀ pé kó fún àwọn lésì, ó pẹ́ jù, lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Bó bá kọ̀, àwọn á pe ẹnì kejì. Owó ibẹ̀ ò tó ìdajì owó epo. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ làwọn èèyàn ń mu omi, rédíò kì í sì í ka owó omi láràárọ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé náà, bí wọ́n ṣe ń jẹun, ọkọ rẹ̀ ti àwo síwájú.

"Ìyá wọn, mo ti rò ó títí. Màá gba iṣẹ́ omi yẹn. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí tepo mọ́."

Ẹ ò rí nǹkan! Ọkùnrin náà ti mú ohun tó tọ́, kò kù ju kí ìyàwó ẹ̀ dákẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gba ìdajì owó nígbà tó mọ̀ pé odindi ń bọ̀? Télọ̀ dìde, ó pa fèrèsé dé.

"Ẹ má gbà á, Bàbá wọn. Orúkọ yín wà níbẹ̀."

"Níbo?"

"Nínú ìwé. Ẹ̀yin nìkẹtàlélọ́gbọ̀n. Ojú mi báyìí ni mo fi rí i."

Ọkọ rẹ̀ wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí kò rín láti bí oṣù mélòó kan, ó sì fa àwo ẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Agùn ńkọ́?"

Télọ̀ mi orí.

"Háà! Ọlọ́mọ mẹ́ta." Kò lè jẹ oúnjẹ náà tán mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un o. Wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Mi ò ní sọ."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ rẹ̀ kọ lẹ́tà pé òun ò lè gba iṣẹ́ náà. Nítorí pé ó gbọ́dọ̀ wà níbi iṣẹ́ láàárọ̀, Télọ̀ fúnra rẹ̀ ló mú un lọ sí iléeṣẹ́ omi. Obìnrin tó gbà á níbẹ̀ kà á, ó gbé ojú sókè.

"Ṣé ó dá yín lójú, mà? Àwọn tó ń wá iṣẹ́ yìí pọ̀ o."

"Ó dá wa lójú," ni Télọ̀ wí, ó tiẹ̀ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀.

Ìgbà tó dé, ó bá Oníbúrẹ́dì níwájú ṣọ́ọ̀bù tó ń kó búrẹ́dì àná sápá kan. Ìdajì ìyẹ̀fun tó ń pò tẹ́lẹ̀ ló ń pò báyìí, kì í sì í tà á tán. Àánú rẹ̀ ṣe Télọ̀. Àánú ẹni tí tiẹ̀ ti dára kì í wọ́n, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Bí iléeṣẹ́ omi bá pe ọkọ rẹ," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "kó má ṣàkọ o. Kó gbà á lọ́jọ́ náà lọ́jọ́ náà."

"Kí lẹ gbọ́, Àǹtí Télọ̀?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Kó ṣáà gbà á."

Oníbúrẹ́dì ò béèrè mọ́. Ó di ọwọ́ Télọ̀ mú, ó sì wọlé.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rán orúkọ. Akọ̀wé wá bi í pé ṣé yóò parí láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ń kánjú. Ìyẹn ò dùn mọ́ ọn nínú. Oṣù kan ni wọ́n máa ń fún un. Ṣùgbọ́n ó ní bóyá iṣẹ́ ló pọ̀, iṣẹ́ púpọ̀ sì ni wọ́n ń tọrọ.

Ọjọ́bọ̀ ni nǹkan yí padà. Bí ó ti ń rán orúkọ kejìlélógún, ó ṣàkíyèsí pé òun mọ gbogbo wọn, ó sì mọ iṣẹ́ kálukú. Àwọn wẹ́dà tó ń gé irin. Àwọn tó ń wa ẹ̀rọ tó ń gbé irin. Àwọn awakọ̀ ńlá. Àwọn òmùwẹ̀ tó ń tú páìpù abẹ́ omi. Ó fa bébà náà sún mọ́ ojú. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú àwọn tó ń gbẹ́ kànga epo. Kò sí ẹni tó ń yẹ epo wò. Kò sí ọ̀gá kankan, bẹ́ẹ̀ orúkọ àwọn ọ̀gá ló máa ń wà lókè pátápátá.

Irú iléeṣẹ́ epo wo ló máa ṣiṣẹ́ ọdún kan láìní ẹni tó ń gbẹ́ kànga?

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì. Inú fu ú, ara fu ú. Gígé, gbígbé, kíkó sọ́kọ̀. Orí mi ò! Kò tilẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù, ó kàn sáré jáde, ó ń sáré lójú títì pẹ̀lú téèpù lọ́rùn, àwọn onítakisí tí wọn ò rí èrò gbé ń bi í pé kí ló dé. Ó wọ iléeṣẹ́ omi, òógùn bò ó.

"Ẹ jọ̀ọ́, lẹ́tà tí mo mú wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ bá mi fà á ya. Ọkọ mi máa gba iṣẹ́ náà."

Obìnrin ọjọ́sí wò ó tàánútàánú. "Mà, a ti pe ẹnì kejì. Àná ló tọwọ́ bọ̀wé."

"Ẹ ò lè gba èèyàn méjì?"

"Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà. Mo bi yín o, mà."

Kò lè sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó dùbúlẹ̀ tì í, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ pé òun ni aṣiwèrè, kó jẹ́ pé òun ò mọ ìwé kà.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni ọkọ rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó lórí àpótí, ó na lẹ́tà sí i.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà," ó wí. "Wọ́n ní ká gé páìpù, ká dí ẹnu àwọn kànga, ká kó irin sọ́kọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó dàbọ̀. Iléeṣẹ́ ń kó lọ. Àwọn tí orúkọ wọn ò sí níbẹ̀, òní ni tiwọn tán."

Télọ̀ bú sẹ́kún. "Èmi ni mo ṣe é. Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ má gbà á."

"Kí lo fẹ́ ṣe? Ohun tó o rí lo sọ." Ó fi ọwọ́ nu ojú, ó ti rẹ̀ ẹ́. "Agùn gan-an ni mo ń rò. Mo wá a kiri títí, wọ́n ní kò tiẹ̀ wá gba lẹ́tà ẹ̀. Mi ò fẹ́ kó lọ ṣe ara ẹ̀ léṣe."

Télọ̀ ya ẹnu pé kóun sọ ibi tí Agùn wà fún un. Kó tó sọ ọ́, ilẹ̀kùn ti ṣí. Agùn fúnra rẹ̀ ló tẹ orí ba wọlé, ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e pẹ̀lú aṣọ búlúù tó ká lábíyá. Oníbúrẹ́dì ti ń kúnlẹ̀ kó tó dé àárín ilé.

"Àǹtí, ẹ ṣeun. Ó ti fẹ́ kọ̀ ọ́ o! Ó ní owó ẹ̀ kéré. Mo ní, Àǹtí Télọ̀ ló ní kó o gbà á."

Ọkọ Télọ̀ yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

Agùn ò kí ẹlòmíràn. Iwájú ọ̀gá ẹ̀ ló lọ, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú gbogbo gígùn ẹ̀, ọ̀gá sì dì í léjìká mú.

"Ọ̀gá mi, wọ́n sọ fún mi níbẹ̀ pé ẹni tó ṣe ipò kìíní ló yọ ara ẹ̀. Ẹ mọ̀ pé orúkọ mi ò sí nínú ìwé, ẹ wá fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún mi." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ọmọ ìyá mi ò ṣe é fún mi rí. Màá sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi."

Ọkọ Télọ̀ ṣì di Agùn léjìká mú, ó sì fi ọwọ́ gbá a lẹ́yìn pẹ̀lẹ́.

"Ṣe dáadáa níbẹ̀," ó wí. "Má dójú tì mí."

"Ọjọ́ Ajé ló máa bẹ̀rẹ̀," Oníbúrẹ́dì wí, ó ń nu omijé, ó gbé aṣọ búlúù náà lé orí maṣíìnì. "Wọ́n ní ká wá télọ̀ fúnra wa. Àǹtí, ẹ̀yin náà ni."

"Dá a lóhùn, Ìyá wọn," ọkọ rẹ̀ wí. "Wọ̀n ọ́n."

Télọ̀ dìde, ó mú téèpù. Ó mọ gígùn Agùn sórí, láti èjìká dé ọrùn ẹsẹ̀, ó ti ń rán tiẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án. Síbẹ̀, ó wọ̀n ọ́n látòkè délẹ̀, ó tún un wọ̀n, kó má bàa gbé ojú sókè wo ọkọ rẹ̀.