Omi Òòṣà

Nígbà tí ìjà ilẹ̀ Ìlọ́bù àti Ìfọ́n tún rú, wọ́n dáná sun àká àgbàdo Nehemiah Ọlábímtán ní Ìlọ́bù. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, àgbà ìjọ sì ni. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì pé bí wọ́n bá gbá ọ létí ọ̀tún, kí o yí òsì sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ rẹ̀, Tóbilọ́ba, kó àwọn ọ̀dọ́ lọ ṣọ́ odò tí ó wà láàárín ìlú méjèèjì, tí ó búra pé ará Ìfọ́n kan kì yóò pọnmi níbẹ̀ mọ́, Tíṣà mú àdá, ó tẹ̀lé wọn. Èéfín àgbàdo rẹ̀ kò tíì kúrò nímú rẹ̀.

Ní ìdájí, ìyá arúgbó kan ti ọ̀nà Ìfọ́n bọ̀, ó ró aṣọ funfun, ó ru ìkòkò. Tíṣà mọ̀ ọ́n: Mọ́ládùn ni, tí ìdílé rẹ̀ ń bọ Òòṣà. Tóbilọ́ba kí i, kò dáhùn. Ó tún kí i. Kò wò ó. Ó pọnmi rẹ̀, ó gbé e karí.

"Ẹ sun àká wa tán, ìkíni wa náà wá di ẹ̀gbin?" Tóbilọ́ba fi èèkù àdá gbá ìkòkò náà, ó sì fọ́. Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní kí ìyá lọ gbé kẹ́ẹ̀gì wá, pé ìyẹn kì í fọ́. Mọ́ládùn ṣa àfọ́kù kúrò lójú ọ̀nà kí ó má baà gún ẹlòmíràn, ó sì padà lọ.

Kí oòrùn tó yọ, ó tún dé pẹ̀lú ìkòkò mìíràn. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ tó yé Tíṣà. Nígbà èwe rẹ̀, tọmọdé tàgbà Ìlọ́bù ló mọ̀ pé ẹni tí ń pọnmi Òòṣà kì í fọhùn. Wọn ìbáà bú u, wọn ìbáà lù ú, kò gbọdọ̀ fèsì, nítorí pé Òòṣà fúnra rẹ̀, nígbà tí wọ́n fẹ̀sùn olè kàn án lọ́nà Ọ̀yọ́, kò gbèjà ara rẹ̀. Tíṣà mọ èyí, kò sì sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ rí.

Mọ́ládùn pọnmi, ó gbé e karí. Tóbilọ́ba tún nawọ́ sí ìkòkò náà.

"Fi sílẹ̀," ni Tíṣà wí. Ó ju àdá sílẹ̀, ó bọ́ síwájú obìnrin náà, ó sì kọjú sí Ìfọ́n.

Lẹ́nu bodè Ìfọ́n, àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ yí Tíṣà ká, wọ́n bi í pé ta ló rán an. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó dákẹ́, ṣùgbọ́n ojú tì í láti fọhùn níwájú ẹni tí wọ́n fọ́ ìkòkò rẹ̀ tí kò fọhùn. Ọ̀kan nínú wọn gbá a létí. Etí rẹ̀ hó. Ó dúró, kò gbọ́wọ́ sókè.

Alfa Bámigbóyè, tí ń ti ìrun àsùbáà bọ̀, dá a mọ̀. "Bí aláìmọ̀kan bá sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí ẹrú Ọlọ́hun, àlàáfíà ni yóò fi fèsì," ni ó wí. "Èyí kò tilẹ̀ fèsì rárá. Ẹ yàgò."

Omi dé ojúbọ. Mọ́ládùn jáde, Tíṣà sì dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, ó ní òun yóò ra ìkòkò mìíràn.

"Ìkòkò ìyá mi ni, kò sírú ẹ̀ lọ́jà," ni ìyá wí. "Tíṣà, mi ò mọ̀ pé tíṣà lè dákẹ́ tó báyìí. Ẹ ní kí ọmọ yín wá ṣíwájú mi lọ́la bí ẹ ti ṣe lónìí. Kó sì panu mọ́."

Tíṣà fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tí ó wú. Ó ní ọmọ òun yóò wá.