Orúkọ Tí Kò Sí Nísàlẹ̀ Fíìmù

Aago mẹ́rin. Aago mẹ́rin òní ni ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ ra fíìmù Àǹtí Sèlíátù dá fún wọn. Kí aago mẹ́rin tó lù, kí wọ́n ti kọ lẹ́tà, kí wọ́n sọ ẹni tó gbé fíìmù náà síta láìgbàṣẹ, kí orúkọ onítọ̀hún hàn kedere níbẹ̀. Bí kò bá sí orúkọ, kò sí ọjà mọ́. Orúkọ tí Àǹtí mi sì fẹ́ kọ ni Qamardeen.

Kì í ṣe Qamardeen.

Èmi ni. Èmi Toyyibah tí mo jókòó síbí, tí mo ń yọ́ òjé sídìí ihò ṣájà bíi pé kò sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀... Ó ku wákàtí méjì. Rárá. Kò pé méjì mọ́.

Òjé kán sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òjé mi kì í ṣìnà! Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá géètì Ẹsítéètì Ìkòròdú yìí, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ pọ̀ sí. Ẹnikẹ́ni ò fi ìwé kọ́ mi. Mo ń tú u, mo ń bà á jẹ́, mo ń tò ó padà, títí ọwọ́ fi mọ̀ ọ́n. Àwọn òṣìṣẹ́ á sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n á ní, "Ẹ gbé e lọ bá Toyyibah, bó ti wù kó kú tó." Fóònù tó sùn sómi mọ́jú, mo lè mú un padà wá sáyé. Èyí ńkọ́? Irin wo ni mo fẹ́ fi tú èyí?

Jẹ́ kí n parí ti bàbá yìí ná. Bàbá tó wá láti Imota, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nílé ìrẹsì. "Ẹ̀yin obìnrin náà ti wá ń tú fóònù báyìí? Ó wá ku kẹ́ ẹ máa gbẹ́ kànga." Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo ṣì lè rẹ́rìn-ín láago mẹ́wàá àárọ̀. Àǹtí Sèlíátù ò tíì pè nígbà yẹn.

"Toyyibah, wọ́n ti pa mí o."

Mo kọ́kọ́ rò pé ìyá wọn ló kú. Orí mi ti ń wá mọ́tò tó ń lọ Ẹ̀pẹ́. "Fíìmù mi ti wà níta. Gbogbo ayé ti ń wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi tí mo ṣe é, ojú mi ni mo fi ń wò wọ́n."

Kí ni mo wá sọ? Kí ni ẹnu mi yìí sọ? "Háà! Ta ló dán irú ẹ̀ wò, Àǹtí mi?"

Ta ló dán irú ẹ̀ wò...

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n. Ẹja inú yìnyín ni wọ́n ń tà l'Ẹ̀pẹ́ tẹ́lẹ̀, fìríìsà mẹ́ta. Wọ́n ta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nítorí fíìmù yìí. Ọdún méjì ni wọ́n fi ń lọ fi ń bọ̀ létí ọ̀sà, nítorí ìtàn obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ kú, tó wá gbé àáké ọkọ rẹ̀, tó ń kan ọkọ̀ ojú omi. Èmi náà débẹ̀ lọ́jọ́ kan. Èmi ni mo di agboorùn mú lórí kámẹ́rà. Omi dé orúnkún wa, òjò tún ń rọ̀, Àǹtí mi ń pariwo: "Èmi lè tutù! Kámẹ́rà ò gbọ́dọ̀ tutù!" A rẹ́rìn-ín débi pé agboorùn fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo mọ ohun tó ná wọn. Kò sẹ́ni tó lè ní n kò mọ̀.

Wọ́n ní Qamardeen ni, torí òun ló to fíìmù náà pọ̀. Ẹ̀dà mẹ́rin ni Àǹtí mi fún àwọn èèyàn kí wọ́n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Orúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan wà nísàlẹ̀ tirẹ̀, lẹ́tà funfun, látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Qamardeen nìkan ló ní èyí tí kò lórúkọ. Èyí tó sì wà níta, kò lórúkọ. Ẹjọ́ ti parí nìyẹn, lójú wọn.

Ó ní òun á fi Kùránì búra. "Ẹni tó lè jí iṣẹ́ ọdún méjì gbé, ìbúra wo ni kò ní bú?" Àǹtí mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọn kì í sọ̀rọ̀ báyẹn tẹ́lẹ̀.

Òun náà pè mí. Láàárín kí n kírun Àìlà àti kí n padà sídìí tábìlì. "Toyyibah, bá mi bẹ Àǹtí yín. Tí wọ́n bá kọ orúkọ mi sínú lẹ́tà yẹn, ta ni yóò tún gbé fíìmù fún mi tò láyé yìí? Ìwọ ńkọ́, ṣé o gbà mí gbọ́?"

"Qamar, mo gbà ọ́ gbọ́."

Òótọ́ kan ṣoṣo tí mo sọ lónìí nìyẹn.

Ṣé mo jí i gbé ni? Jẹ́ kí n rò ó dáadáa. Àǹtí mi fúnra wọn ló fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí mi. "Toyyibah, ìwọ lo mọ fóònù. Bá mi wò ó lórí fóònù àwọn mẹ̀kúnnù. Ṣé ohùn ń jáde? Ṣé ibi tí ilẹ̀ ti ṣú nínú rẹ̀ kò dúdú jù?" Wọ́n bẹ̀ mí níṣẹ́, mo jẹ́ iṣẹ́. Mo gbé e sórí fóònù tó ti gbó, èyí tó ṣì dáa, èyí tí ohùn rẹ̀ ń há. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé ohùn ibi tí àáké ti ń dún wálẹ̀. Wọ́n gbé e wálẹ̀ lóòótọ́! Mo wúlò fún fíìmù yẹn.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni Rọ̀kíbátù, oníbàárà mi kan, wá dé, Alámìísì, láti ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá. Ojú fóònù rẹ̀ ti fọ́, mo pààrọ̀ rẹ̀. Ó na fóònù sí mi padà: "Àǹtí, èènì mi dà?"

Èènì ọ̀dọ̀ mi, fíìmù ni. Gbogbo Ẹsítéètì ló mọ̀. Oníyẹ̀fun á bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, aláta á ju ata méjì sí i, èmi á fi fíìmù kan tàbí méjì sórí fóònù rẹ. Wọ́n á wò ó nínú bọ́ọ̀sì, ọ̀nà á kúrú. Mo mọ gbogbo sáìtì tó wà. Mo mọ ibi tí ìpolówó tẹ́tẹ́ á ti bo ojú fóònù, mo mọ àmì tí o máa tẹ̀ kó lọ àti èyí tí o kò gbọ́dọ̀ tẹ̀. N kò tíì fowó ra fíìmù rí láyé mi. Ta ló ń rà á?

Lukman tó ń ta èèpo fóònù nítòsí mi: "Kọ́píráìtì wo? Ọlọ́pàá wo ló fẹ́ wá dé Ìkòròdú torí ẹni tó ń wo fíìmù? Ẹni tó gbé e síbẹ̀ ló ṣẹ̀. Ojú ni tìẹ, wíwò ni tìẹ." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi. Mo sinmi lé e fún bí ọdún mẹ́ta. Wíwò ni tèmi.

Ìyá mi kì í gbà bẹ́ẹ̀. "Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un." Epo ni wọ́n ń sọ, wọn ò mọ sáìtì. Ṣùgbọ́n ta ni mo wá jẹ́ nínú èyí? Èmi ni mo ń gbà á sílẹ̀ láti ọdún mẹ́ta yìí wá. Lálámìísì tí mo fi fíìmù Àǹtí mi ṣe èènì fún Rọ̀kíbátù, èmi náà ni mo gùn dé àjà.

Dúró ná. Aláta tó ń fi ata méjì kún un — inú agbọ̀n rẹ̀ ló ti ń mú un. Kì í nawọ́ sínú agbọ̀n ẹni tó jókòó tì í kó wá fi ta oníbàárà lọ́rẹ. Ìjà ni yóò dà. Èmi, agbọ̀n ta ni mo ti ń bù fún wọn? N kò rò ó rí. Torí pé fíìmù kì í dín. Tí o bá mú tòmátò kan, àyè rẹ̀ á ṣófo, ojú á rí i. Fíìmù, o dà á kọ nígbà ọgọ́rùn-ún, ó ṣì wà níbi tó wà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé mo mú nǹkan?

Ó ti wá dín báyìí. Ilé-iṣẹ́ náà ní ohun tí gbogbo ayé ti wò, àwọn ò rà á mọ́, àfi tí wọ́n bá mọ bó ṣe jáde, kí wọ́n lè bá ẹni náà ṣe é lábẹ́ òfin. Ẹni náà...

Rọ̀kíbátù kò mọ nǹkan kan. Mo pè é. "Mo kàn fi sínú gúrúùpù bọ́ọ̀sì wa ni, Àǹtí. Ó dùn gan-an ni. Ṣé kò dáa?" Mo ní ó dáa. Láti inú gúrúùpù ló ti bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan, láti ọwọ́ ẹnì kan ló ti bọ́ sórí sáìtì. Mo yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀. Àwọn tó ti wò ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá. Mo ka ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀. "Ọlọ́run á bùkún ẹni tó ṣe fíìmù yìí." "Mo sunkún níbi tí ọkọ̀ ti kọ́kọ́ léfòó." "Apá kejì dà?" Inú mi dùn. Kí n má purọ́, fún ìṣẹ́jú kan inú mi dùn, bí ẹni tí wọ́n ń yin ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ló ṣàdúrà fún Àǹtí mi, kò sì sí fìríìsà kan nínú ilé wọn.

Mo gbìyànjú kí n yọ ọ́ kúrò. Ibì kan wà lórí sáìtì náà tí èèyàn lè fi ẹjọ́ sùn. Gẹ̀ẹ́sì ni, mo ń kà á ní díẹ̀díẹ̀. Orúkọ fíìmù: mo kọ ọ́. Ibi tó wà: mo kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni àpótí kékeré kan tí wọ́n ní kí n fi àmì sí: ṣé ìwọ lo ni iṣẹ́ yìí, àbí ẹni tó ni ín ló rán ọ? Kí o mọ̀ pé òfin lè mú ọ bí o bá purọ́. Ìka mi dúró lókè rẹ̀. Mo ti í pa. Mo tún ṣí i. Kì í ṣe tèmi. Wọn ò sì rán mi. Àpótí tó kéré báyẹn...

Qamardeen lè ríṣẹ́ míì ṣe. Ọkùnrin ni, ó lè lọ máa ya fọ́tò, ó lè... Ó tilẹ̀ máa ń ṣe fùkẹ̀. Lọ́jọ́ òjò yẹn tí òun náà bá wa délẹ̀ ọ̀sà, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí kò mọ nǹkan kan, kó má fọwọ́ kan wáyà mi," ojú mi ló ń wò. Ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn náà, wáyà kọ̀, èmi ni mo bá a jó o pọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú omi, aṣọ rẹ̀ tutù dé àyà, gbogbo wa ń pariwo ẹ̀rín... Kí ni mo ń rò? Ṣé torí wáyà ni mo fẹ́ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ ọmọlọ́mọ?

Èṣì ni. Ohun tí mo máa sọ nìyẹn tí mo bá máa sọ ọ́. Àǹtí mi, èṣì ni, n kò mọ̀ pé ó lè dà báyìí. Wọ́n á sunkún, wọ́n á bú mi, wọ́n á dárí jì mí. Èmi tí mo ka ìwé mélòó? Kí ni mo mọ̀ nípa òfin? Wọ́n á gbà. Èṣì ni...

Àmọ́ wọ́n á béèrè orúkọ.

Orúkọ mi wà nísàlẹ̀ ẹ̀dà tèmi. TOYYIBAH, lẹ́tà funfun, látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Níbo ló lọ?

Mo gé e. Kí n tó fi sórí fóònù Rọ̀kíbátù, mo gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò. Kó lè kún ojú fóònù rẹ̀ ni — bí mo ṣe ń sọ fún ara mi nìyẹn láti àárọ̀. Àwọn oníbàárà fẹ́ kí fíìmù kún ojú fóònù. Iṣẹ́ mi ni, mo máa ń ṣe é...

Ṣùgbọ́n fóònù Rọ̀kíbátù, èyí kékeré àtijọ́ ni. Ó ti kún ojú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí mo gé e tán ni dúdú ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yọ lókè àti nísàlẹ̀. Òun gan-an rí i. "Àǹtí, kí ló dé tó gé ẹsẹ̀ obìnrin yìí?"

Mo sì dá a lóhùn. Mo ń gbọ́ ohùn ara mi báyìí, kò tilẹ̀ kánjú: "Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn."

Ẹni tí kò mọ̀ kì í pa orúkọ ara rẹ̀ rẹ́.

Kì í ṣe èṣì. Mo mọ̀ pé kò yẹ kó jáde. Mo ti mọ̀ lọ́wọ́, mo ti mọ̀ lójú, kí n tó tẹ nǹkan kan. Èènì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi múnú ẹnì kan dùn, mo sì fi ọ̀bẹ gé ara mi kúrò nínú rẹ̀ ná. Ibi tí mo gé yẹn náà ni wọ́n ti rí Qamardeen.

Aago mẹ́ta ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Fóònù bàbá Imota ti ń gba iná. Fíìmù ṣì wà lórí sáìtì, n kò lè mú un kúrò. Àǹtí Sèlíátù ò tíì fi lẹ́tà ránṣẹ́. Èmi ni mo gbé e jáde, mo mọ ohun tí mo ń ṣe nígbà tí mo ń ṣe é, n kò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.