Fìlà Pupa Noela

Ọjọ́ tí wọ́n ń fi aago wọn ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ni ojú Armand àti ti Noela kọ́kọ́ ṣe mẹ́rin. Bọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ já èrò sílẹ̀ ni, ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ àwọn abirùn kún fọ́fọ́, kẹ̀kẹ́ arọ ń gbún kẹ̀kẹ́ arọ, yìnyín ń yọ́ lára bàtà. Armand, tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n láti kékeré, ń di fọ́ọ̀kì oníke sínú ọ̀rá. Doris, ọ̀gá wọn, dúró sẹ́yìn rẹ̀ tòun ti aago. Bí ọwọ́ abirùn bá ṣe falẹ̀ tó sí ti alára pípé, bẹ́ẹ̀ ni owó iṣẹ́ rẹ̀ yóò ṣe kéré tó, títí wọn yóò fi tún un wọ̀n.

Lọ́gán, ọmọge kan tó dé fìlà òwú pupa gbójú sókè lórí kẹ̀kẹ́ arọ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ Armand dúró sójú kan.

"Armand, aago ń lọ o!"

Aago ti lọ ná. Owó tí kò tó ra kọfí ló ń gbà títí yìnyín fi yọ́ tán.

"O mà gọ̀ o," ni Noela wí nígbà tó gbọ́. "Nítorí ojú lásán?"

"Ojú ẹ kọ́ ni ojú lásán."

Ẹ̀rín pa Noela, kọfí gba imú rẹ̀ yọ.

Láti ọjọ́ náà, bí Doris bá ti yọ aago, Noela á fa fìlà rẹ̀ bojú. "Mi ò wò ẹ́ o! Ṣiṣẹ́ ẹ, jàre!" Áà, ayé ìgbà yẹn dùn. Ọdún ń gorí ọdún, irun wọn ń funfun, tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí wọ́n ti ń jẹun pọ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Lẹ́tà ìfẹ́ kan sì wà nínú àpótí oúnjẹ Armand tí kò lè fún Noela. Owó bíńtín yẹn, ta ló fi ń fẹ́yàwó?

Ìgbà tó yá, òfin tuntun dé sí Vermont, ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń gbé: iye tí wọ́n ń san fún alára pípé ni kí wọ́n máa san fún abirùn. Wọ́n ti ilé iṣẹ́ àtijọ́ pa. Armand ríṣẹ́ sí ilé ìkàwé. Noela, sí ilé búrẹ́dì nílùú tó jìnnà. Lọ́jọ́ ìkẹyìn, bọ́ọ̀sì Noela ti ń tẹ họ́ọ̀nù. Bí Armand kò bá fún un ní lẹ́tà náà báyìí, ó di gbére.

Ó ki ọwọ́ bọ àpótí oúnjẹ rẹ̀. Ọwọ́ ń gbọ̀n, lẹ́tà há. Noela rí i, ó fa fìlà bojú bí ìṣe rẹ̀.

"Bàbá arúgbó, mi ò wò ẹ́ o. Fara balẹ̀."

"Ṣí fìlà yẹn, Noela. Máa wò mí. Kò sẹ́ni tó ń fi aago wọ̀n mí mọ́."

Ó ṣí i. Ọwọ́ Armand tún dúró sójú kan, bíi ti ọjọ́sí. Awakọ̀ tẹ họ́ọ̀nù títí ó fi sú u. Ìgbà tó wu Armand, ó gbé lẹ́tà náà lé Noela lọ́wọ́.