Oògùn Lójú Ìyálé

Inú ihò ṣalángá ni obìnrin aránṣọ kan ń da oògùn rẹ̀ sí nígbà tí wọ́n kanlẹ̀kùn. Láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti palẹ̀ ẹrù mọ́, tó ní òun ò lè bá alárùn kògbóògùn gbé yàrá kan náà, ni ayé ti sú u. Ta ló tún fẹ́ tìtorí ẹ̀ wà láàyè?

Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹnìkan tún dúró lẹ́yìn nọ́ọ̀sì. Ìyálé aránṣọ náà ni, obìnrin tó nàka sí i níbi ìsìnkú ọkọ wọn, tó pariwo pé, “Ẹ wò ó, ẹni tó kó ikú wọlé!”

“Ṣé ẹ wá wò ó bóyá mo ti kú ni?”

“Mo rí ọ lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn nígbà kan,” ni ìyálé wí. “O fi gèlè bojú. Èmi náà fi tèmi bojú. Oògùn kan náà la wá gbà. Nígbà tí mi ò rí ọ mọ́, mo júwe ilé rẹ fún nọ́ọ̀sì.”

Aránṣọ náà jókòó gbì sídìí máṣíìnì rẹ̀. Ọkọ wọn tí kì í pín nǹkan dọ́gba, ó pín èyí dọ́gba.

“Kí ni mo fẹ́ máa lò ó fún? Ṣebí kò gbóògùn.”

“Àrùn yìí ń gbóògùn, àǹtí,” ni nọ́ọ̀sì dáhùn. “Ẹ̀yin lẹ ò gbọ́ràn.” Ó gbé ìgò tuntun sáàárín òwú àti sísọ́ọ̀sì. “Mi ò lè máa wá lójoojúmọ́. Ẹ nílò ẹnìkan tí yóò máa rí i pé ẹ lò ó.”

“Mi ò lẹ́nì kankan.”

Ìyálé tú oògùn tirẹ̀ jáde láti ìdí ìró. “Ìyàwó, mi ò tíì dárí jì ọ́ o. Ṣùgbọ́n ìwọ nìkan ni mi ò ní láti parọ́ fún. Ní ìrọ̀lẹ́ ni n ó máa wá. Lo tìẹ kí n rí i, kí ìwọ náà rí tèmi.”

Wọ́n lò ó, wọn ò wo ojú ara wọn. Nọ́ọ̀sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìyálé ò tíì ṣe tán. Ó fi ọwọ́ gbé aṣọ tó wà lórí máṣíìnì, ó yínmú. “Báyìí lo ṣe ń rán an? Ó wọ́ o.”

Èsì burúkú kan dé ètè aránṣọ náà. Ó gbé e mì. Ẹ̀rù ń bà á pé obìnrin tí òun kórìíra jù láyé yìí lè dìde lọ, kó má padà wá mọ́.