Ilé Mi Nínú Súwè

Ẹ bá mi sọ fún gbogbo Sábó pé èmi Sarat, ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin, ń ṣeré súwè, mi ò sì ní í jáwọ́. Nírọ̀lẹ́, tí a bá ti palẹ̀ aṣọ títà mọ́, èmi àti Hàwáù orogún mi á fi èédú fa ilà sí àgbàlá, a ó máa fẹsẹ̀ kan fò. Ẹni tó bá fò ó dópin láìtẹ ilà á gba ojú kan, á fi ṣe ilé. Ẹlòmíràn kò sì gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tí mi ò bá ṣe é, ara mi kì í yá.

Inú Àlhájì ọkọ wa kò dùn sí i. "Àgbàlagbà ń fò kiri! Nínú ilé mi?"

Ilé mi, ilé mi! Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti ń fi ilé yẹn halẹ̀ mọ́ mi.

Lọ́jọ́ Jímọ́ kan ní 1977, ó ti mọ́ṣáláṣí dé, ilé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sì wà lójú ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ó gbẹ́sẹ̀ láti kọjá.

Mo ní, "Sannu, Àlhájì. Ilé mi nìyẹn."

Hàwáù bú sẹ́rìn-ín. Àlhájì wo ilà, ó wò mí, ẹ̀rín ń pa òun náà. Ó ká bàbáńrígà rẹ̀ sókè, ó dúró.

"Àgò onílé o."

Mo kọ́kọ́ rọra tún ìró mi ró ná.