Ìwé Àdúrà Tí Lẹ́tà Rẹ̀ Ò Dọ́gba

Sùrájù, ojú ta lo rò pé ó máa ka èyí? Ojú àṣá? Wò ó… mo gbé e sún mọ́ imú, èèrà. Mo na ọwọ́ síwájú, èèrà náà ni, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ bí ẹni ń lọ síbi ṣúgà. Lárúbáwá rèé lókè, lẹ́tà ọ̀rọ̀ Ọlọ́run — ó rún mọ́ra, kò ga ju eyín ọmọ ọwọ́ lọ. A-B-D rèé nísàlẹ̀ ẹ̀, ó sanra, ó na ẹsẹ̀ bí ọkọ ìyàwó. Èyí ni wọ́n ń pè ní ìwé àdúrà. Ìwé àsàlátù wa.

Páálí mẹ́rin ẹ̀ ló wà lábẹ́ tábìlì bàtà mi yìí. Mo fi ọ̀rá bò ó kí òjò Ìkòtún má baà kàn án. Kí ni mo tún ń bò? Kí òjò kúkú rọ̀ sí i, kó máa ṣàn lọ —

Rárá. Àdúrà ló wà nínú ẹ̀. Ọlọ́run, má ka ìyẹn sí mi lọ́rùn.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì òní ni ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí fẹ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ Sùrájù tó tẹ̀ ẹ́. Ṣé kó ṣì máa bá wa tẹ̀wé, àbí kí wọ́n kó gbogbo iṣẹ́ mọ́sáláṣí kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ — ìwé ìkésíni, kàlẹ́ńdà, ìwé àwọn ọmọ kéú — fún àwọn ará Ìyànà Ìpájà. Iṣẹ́ tiwa yìí náà ló fi ń bọ́ ìyàwó. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Alfa Abdulganiyy ti yà ọ̀dọ̀ mi láàárọ̀: "Ìyá Wàsíù, ẹnu yín la ó máa wò o. Ẹ̀yin lẹ gbé iṣẹ́ fún un. Ibi tẹ́ ẹ bá fi ọ̀rọ̀ tì sí, ibẹ̀ náà la ó gbé e sí."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ohun tí mo ti ń sọ láti ọjọ́ Mọ́lúdì náà ni. Sùrájù ni. Mo ti sọ ọ́ níwájú aláta, mo ti sọ ọ́ nínú kẹ̀kẹ́ Ìgàndó títí ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ fi dá sí i: "Màmá, ẹ fi ọlọ́pàá mú un ṣá." Èmi náà rẹ́rìn-ín sí i.

Ọjọ́ Mọ́lúdì yẹn… mi ò fẹ́ rántí ẹ̀. Sìdíkátù dìde. Sìdíkátù ọ̀rẹ́ mi láti Ògbómọ̀ṣọ́, ilé kéú kan náà, wàláà kan náà, ọ̀pá alfa kan náà ló nà wá. Obìnrin tí kò mọ A yàtọ̀ sí àkàbà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi Lárúbáwá síwájú ẹ̀, odò ni. Wọ́n gbé makirofóònù fún un kó ṣáájú àdúrà. Ó ṣí ìwé. Ó gbé e sún mọ́ ojú. Ó gbé e jìnnà. Ó tún gbé e sún… Àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ ti wọnú ara wọn. Ó ka ìlà kan, ó há. Àwọn ọmọge tó ń fi A-B-D kà ti dé ìsàlẹ̀ ewé, wọ́n ń retí ẹ̀. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ọ. Hamdalah, ọmọ-ọmọ tèmi fúnra mi, ló wá dìde: "Ìyá àgbà, ẹ mú un wá, ẹ jẹ́ n bá yín kà á." Jẹ́ẹ́jẹ́ ló gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ o, kò rí i fín. Ìyẹn gan-an ló burú jù. Sìdíkátù jókòó, ó pa ìwé dé, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e bí ẹni bo òkú lójú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé kò wá sí àsàlátù. Mo lọ bá a nílé ní Ẹ̀gbẹ́dá, ó ní orúnkún ló ń dun òun. Orúnkún! Ó sì fi orúnkún yẹn sáré lọ gbé omi wá fún mi.

Ẹni tó ṣe é gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́. Ohun tí mo máa sọ nìyẹn. Kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kó lọ rèé…

Ẹ ò rí tíṣà tó yà síbí wá ra bàtà lẹ́ẹ̀kan. Ó yí bàtà dúdú yẹn dojú dé, ó ń wá nọ́ńbà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ẹnu mi ti yá, mi ò tiẹ̀ ronú kí n tó sọ ọ́: "Àǹtí, ẹ má wo nọ́ńbà jàre. Ogójì Ítálì kọ́ ni ogójì Ṣáínà. Ẹ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ ló mọ èyí tó bá a mu." Ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó rìn ín lọ, ó rìn ín bọ̀, ó gbé e lọ. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń sọ ọ́ lórí tábìlì yìí. Ẹ má wo nọ́ńbà…

Ẹ má wo —

Mo tún gbé ìwé àdúrà yẹn wò.

Ìjà tí wọ́n jà ká tó tẹ̀wé ló fà á. Bẹ́ẹ̀ ni, ìjà ni. Àwọn ìyá oníkéú ní tàwọn ni kó tóbi, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni. Àwọn ọmọ oníwèé ní àwọn ló pọ̀ jù. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ já ìborí lórí ara wọn. Èmi Ìyá Àdínì ni mo dá a: nọ́ńbà kan náà ni kí wọ́n fi tẹ lẹ́tà méjèèjì, kò sẹ́gbọ̀n-ọ́n, kò sábúrò. Gbogbo wọn ké Àláhù Àkíbárù. Wọ́n ní ọgbọ́n ń bẹ lórí mi. Orí mi sì wú.

Mo gbé iṣẹ́ náà dé ṣọ́ọ̀bù Sùrájù. Kọ̀ǹpútà ẹ̀ tó yọ ìdí sẹ́yìn, jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà. "Màmá, ẹni tó ṣe lẹ́tà Lárúbáwá sínú kọ̀ǹpútà kọ́ ló ṣe A-B-D. Wọn ò jọ wọ̀n ọ́n. Méjìlá tibí ò tó méjìlá tọ̀hún lójú. Mo ti pa wọ́n pọ̀, mo gbé Lárúbáwá sí méjìdínlógún, kí wọ́n lè jọ dúró." Ó tẹ ewé kan jáde. Ó ṣì gbóná nígbà tí mo gbà á.

Mo wò ó…

Ó dọ́gba. Wọ̀láì, ó dọ́gba. Wọ́n jókòó sórí ewé bí ọmọ ìyá méjì lórí ẹní kan. Mo kà á láìwo gíláàsì! Kí ló dé tí mi ò dákẹ́? Kí ló wọ̀ mí lẹ́nu tí mo bi í pé, "Nọ́ńbà mélòó lo fún oníkálukú?" Ó sì sọ òtítọ́ fún mi. Òpònú ọmọ… ó sọ òtítọ́.

"Méjìdínlógún sí méjìlá? Kí wọ́n lè ní mo gbè sẹ́yìn oníkéú, àbí? Méjìlá ni méjìlá níbi gbogbo."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ojú ò mọ nọ́ńbà —"

"Ṣé ìwọ tí mo jẹun níbi ìkómọ ẹ lo fẹ́ kọ́ mi ní ìdájọ́?"

Mo ká ewé tó dáa yẹn sí mẹ́rin, mo tì í sínú báàgì. Mo dúró tì í lórí títí ó fi dá a padà. Mo ní kó fi hàn mí. Méjìlá. Méjìlá. Ọkàn mi balẹ̀, mo lọ ilé, mo jẹun yó.

Èmi àti ẹ̀ nìkan la wà níbẹ̀. Òun náà ò sì sọ. Níjọ́ tí wọ́n pè é lẹ́jọ́ níwájú gbogbo èèyàn, ó dọ̀bálẹ̀: "Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà. Ọwọ́ mi ni." Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Mo rò pé ìtìjú ni. Ó ń bò mí láṣìírí, èmi ń tú tiẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́.

Mo lè dákẹ́. Ọ̀dọ́ ni, á ríṣẹ́ míì. Bí mo bá sọ ọ́, Sìdíkátù á gbọ́ pé kì í ṣe Sùrájù ló dójú ti òun… Sìdíkátù á gbọ́.

Wọ́n ti ń pèrun. Ẹsẹ̀ mi ò tíì dìde. Abdulganiyy máa bi mí, mo mọ̀ ọ́n, tààrà ló máa ń bi èèyàn: "Ìyá, ta ló ba ìwé wa jẹ́?" Ẹ jẹ́ n dán an wò lẹ́nu. Ẹ̀rọ ni… irọ́. Ṣàítánì ni… Ṣàítánì ò dé ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn. Àwọn obìnrin tó ń jà ni… wọ́n jà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò sí níbẹ̀ nígbà tí ewé gbígbóná yẹn jáde. Ẹnìkan ló wà níbẹ̀. Ẹnìkan ló fi ojú ara ẹ̀ rí i pé ó dọ́gba, tó fi ẹnu ara ẹ̀ sọ pé kò dọ́gba. Àmínátù ni. Ìyá Wàsíù. Èmi ni.