Fíìmù Tí Ọkọ Mi Fi Gé Kọ́là

Kò sí ohun tí ọkọ mi ò mọ̀. Bí ẹ bá rí èyí tí kò mọ̀, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, òun ni yóò máa kọ́ ẹni tó kọ́ ọ. Télọ̀ ni. Ọ̀gá Tépù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí tépù tó fi ń wọn èèyàn kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ó ń jẹun, ìbáà jẹ́ pé ó ń sùn lórí àga. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń bá òun àti tépù yẹn gbé. Ẹ bá mi kí ara mi kú ìfaradà.

Orí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù ló ti ṣubú lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ó gbé odindi rọ́ọ̀lù aṣọ lé èjìká, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ran òun lọ́wọ́. Ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ gbìì. Nílé ìwòsàn, wọ́n ní kó lọ ya àwòrán àyà, bóyá egungun ìhà rẹ̀ kán. Egungun ò kán. Ṣùgbọ́n dókítà, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù, gbé fíìmù dúdú náà sára pátákó tó ń tanná. Àwòrán kéékèèké bí ogún ló wà lórí fíìmù yẹn. Ó fi ìka sórí ọ̀kan.

"Bàbá, kókó kékeré kan wà nínú ẹ̀dọ̀fóró yín lọ́wọ́ ọ̀tún. Mìlímítà mẹ́fà ni."

Ọkọ mi ní, "Kí ló wá ń wá níbẹ̀?"

"A ò tíì mọ̀. Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan, ó lè jẹ́ àpá ikọ́ àtijọ́. Ṣùgbọ́n ogún ọdún lẹ fi fa sìgá, a ò lè fojú fò ó. Ẹ padà wá lóṣù mẹ́fà ká ya òmíràn, ká fi wé èyí. Bí kò bá dàgbà, ó dáa. Bó bá dàgbà, a ó mọ ohun tí a máa ṣe. Ẹ má sọ fíìmù yìí nù o."

Ó kọ ọjọ́ sórí káàdì, ó fún wa. Ọ̀rọ̀ náà yé mi, èmi tí iṣẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù ò ju ká rán bọ́tìnnì lọ. Ẹ ò lè wọn ọmọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ẹ mọ̀ bóyá ó ń ga. Ẹ ní láti tún un wọ̀n.

Ṣé ó yé Ọ̀gá Tépù? Ṣíọ̀! A ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tó ti na tépù síwájú mi.

"Wò ó! Mìlímítà mẹ́fà! Kò tó kọ́tà ínṣì! Etí ṣòkòtò tí mò ń ká sínú jù ú lọ. Bó bá burú, kí wọ́n gé e. Bí kò bá burú, kí wọ́n fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Èwo ni ká máa wò ó? Ṣé sinimá ni?"

Odindi oṣù mẹ́fà ló fi sọ ọ̀rọ̀ yìí fún gbogbo oníbàárà. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní òótọ́ ló sọ. Kí ni wọ́n tún fẹ́ ṣe? Aṣọ wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, mo gbé káàdì ka iwájú máṣìnnì rẹ̀. Mo ní, "Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀la ni o."

Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó yọ ṣùtì ètè sí mi níṣojú oníbàárà mẹ́ta. Ó ní, "Ẹ wá wo ìyàwó mi o, ó ti di dókítà. Bọ́tìnnì ni mo ní kó rán, ẹ̀dọ̀fóró ló fẹ́ máa rán."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi gan-an. Mo mú káàdì náà, mo jù ú sínú agolo bọ́tìnnì mi, mo sì búra nínú ara mi pé ẹnu mi ò ní sọ ọ́ mọ́ láéláé. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni, kì í ṣe tèmi.

Mo sì mú ìbúra náà ṣẹ. Fún oṣù mẹ́jọ gbáko, bí mo bá ti ki ọwọ́ bọ inú agolo, káàdì yẹn ni màá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. N ò ní yanu. Nígbà míì, kí n má parọ́ fún yín, inú mi a máa dùn díẹ̀, bíi ti ẹni tó rí òkúta lọ́nà tó sì mọ̀ pé agbéraga kan ń bọ̀ lẹ́yìn.

Nọ́ọ̀sì ló wá pè é lórí fóònù. Wọ́n ń yẹ orúkọ àwọn tí kò padà wá wò. Ohùn nọ́ọ̀sì dùn, ó pè é ní "sà" lẹ́ẹ̀mẹrin. Ni olówó orí mi bá fọ ẹsẹ̀, ó wọ bàtà, ó lọ! Ohun tí èmi sọ tó fi mí ṣẹ̀sín.

Wọ́n ya àwòrán tuntun. Mìlímítà mẹ́sàn-án ni dókítà kà lórí rẹ̀. Ó ní kí á mú fíìmù àkọ́kọ́ wá. Ilé àyẹ̀wò tí wọ́n ti yà á ti kógbá sílé, ti àwa nìkan ló kù. Mo ní ṣebí ìwé èsì wà, mẹ́fà ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó ní, "Mẹ́fà ẹnì kan lè jẹ́ méje lójú ẹlòmíràn, Màmá. Ojú ara mi ni mo fẹ́ fi rí i, kó dá mi lójú pé ó ń dàgbà."

Ọkọ mi wú ikọ́ kan tí kì í ṣe ikọ́. Ó ní ó wà ní ṣọ́ọ̀bù.

Lóòótọ́, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó fa dúrọ́ọ̀ tó ń kó pátánì tó fi ń gé aṣọ sí, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ti gé e! Fíìmù kì í ya bíi páálí, etí rẹ̀ kì í họ bí ẹ bá ń fi ṣọ́ọ̀kì tọ̀ ọ́. Ọ̀gá ọlọ́gbọ́n ti fi àyà ara rẹ̀ gé pátánì kọ́là, ìbòrí àpò àti etí ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Láti ìgbà yẹn ni àwọn ọkùnrin àdúgbò ti ń wọ kọ́là tí wọ́n fi ẹ̀dọ̀fóró ọkọ mi wọ̀n kiri.

Mo ní, "Bàbá wọn, ẹ ò lójútì! Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, wọ́n ní kí ẹ máa ṣọ́ ọ, ẹ fi sísọ́ọ̀sì sí i!" Mo bú u títí mo fi ṣa gbogbo ègé náà tán. Mo tò wọ́n sórí tábìlì, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ wọ́n pọ̀, mo sì tún ń bú u títí a fi padà dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé e sára pátákó iná, ó wá a lọ, wá a bọ̀, títí ó fi rí kókó náà ní ṣóńṣó kọ́là. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ní, "Mẹ́fà ni lóòótọ́. Ó ti dàgbà."

Ọkọ mi ní, "Mìlímítà mẹ́ta péré ló fi lé."

"Bàbá, kì í ṣe okùn, bíi bọ́ọ̀lù ló rí. Ó ti ju ìlọ́po mẹ́ta bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ."

Èmi ni mo bèèrè bóyá ó ti pẹ́ jù.

Dókítà ní, "Mi ò lè sọ báyìí. A máa kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ gba díẹ̀ lára rẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ká mọ ohun tó jẹ́. Ó ṣeé ṣe kó gba iṣẹ́ abẹ. Ká ní oṣù mẹ́fà yẹn lẹ wá..." Kò parí rẹ̀. Ó fa ìwé wa mọ́ra, ó mú bírò. Kò bínú rárá nígbà tó bèèrè pé, "Ṣé kò sẹ́ni tó ń rán Bàbá létí nílé ni?"

Mo rántí káàdì inú agolo bọ́tìnnì, mo yanu.

Ọkọ mi ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. "Ó ń rán mi létí. Ojoojúmọ́ ayé yìí ló ń rán mi létí, dókítà. Orí kunkun ló ṣe mí. Ẹ má dá ìyàwó mi lẹ́bi o."

Dókítà ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ń wo bírò bó ṣe ń kọ irọ́ tí ọkọ mi pa nítorí mi sórí ìwé, mi ò sì lè sọ pé irọ́ ni. Gbogbo èébú tí mo kó wá láti ṣọ́ọ̀bù ti tán lẹ́nu mi. Ojú tì mí ju bó ṣe tì mí lọ́jọ́ tí àwọn oníbàárà fi mí rẹ́rìn-ín.

Ọkọ mi dìde, ó na ọwọ́ sí mi. Ó ní, "Ìyá wọn, dìde ká máa lọ. Ọjọ́ wo ni wọ́n ní ká padà wá?"

Mo ní Ọjọ́ Ajé ni, aago méje àárọ̀. Kí a tó dé ẹnu ọ̀nà, mo ti sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀mẹta.